Kí Ìgò Tó Di Àlòtúnlò, Ó Gbọ́dọ̀ Mọ Ọ̀nà Ilé

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn oníṣẹ́ oúnjẹ kéékèèké nínú gbọ̀ngàn kan ní Yaba, tí mo tún kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ lọ́sàn-án òní, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè mú ìgò tí a ń lò tún lò wọ inú iṣẹ́ oúnjẹ, ohun àkọ́kọ́ tí mo bi ara mi ni pé, ta ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní ohun tí ìyá rẹ̀ ti mọ̀? Bóyá la fi rí ẹni tó ti pé ogójì ọdún nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọn kò rán rí pé kó lọ ra mínírà, tí wọn kò sì fi ìgò òfìfo lé e lọ́wọ́ kó tó jáde nílé. Bí ọmọ bá gbàgbé ìgò, ìyá onímínírà yóò ní kó padà lọ mú un wá, tàbí kó fi owó ìgò sílẹ̀, tàbí kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó mu ún tán níbẹ̀. Kò sí òfin kankan tí ìjọba kọ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tó dúró tì í, síbẹ̀ ìgò ń padà.

Nítorí náà, n kò wá kéde ohun tuntun. Ohun tí mo bá wá ni èrò kan tí iṣẹ́ ọdún pípẹ́ nídìí ìgò fi kọ́ mi, pé gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í sọ ohunkóhun di àlòtúnlò. Ọ̀nà tí ìgò ń gbà padà sọ́dọ̀ ẹni tó rọ nǹkan sínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra ìgò tó rẹwà, tó lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn, tí kò sì mọ bí yóò ṣe padà, ike tó wúwo ló rà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ẹnu ọjà máa ń pa wọ́n pọ̀. Bí a bá kó ìgò jọ, tí a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tí a sì dá a padà sínú iná kí wọ́n fi ṣe ìgò mìíràn, àtúnyọ́ nìyẹn. Bí a bá gba ìgò náà padà bó ṣe wà, tí a fọ̀ ọ́, tí a yẹ̀ ẹ́ wò, tí a sì tún rọ oúnjẹ sínú rẹ̀, àlòtúnlò nìyẹn. Èdè wa ti fi àmì ohùn kan ṣoṣo ya àwọn méjèèjì: fífọ́ ni ti àkọ́kọ́, fífọ̀ ni ti èkejì. Fífọ̀ ni mo wá sọ.

Kì í ṣe mínírà ló kọ́kọ́ fi ìgò han Èkó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọtí ṣìnáápù tí wọ́n ń kó láti Rotterdam àti Hamburg wọ èbúté wa máa ń wá nínú ìgò onígun mẹ́rin, nínú àpótí onípákó. Ọtí á tán, ìgò kò ní tán. Wọ́n á fi rọ epo pupa, wọ́n á fi rọ oyin, wọ́n á fi rọ àgbo, ìgò kan á sì wọ ilé bíi márùn-ún kó tó fọ́. Títí dòní, bí ẹ bá dé Òyìngbò, ẹ ó rí ẹni tí ń fi ìgò wọn epo fún ẹni tí kò lágbára kẹ́ẹ̀gì, ẹ ó sì rí ìyá ẹlẹ́pà tó to ìgò ẹ̀pà yíyan rẹ̀ sórí àtẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan kún dé ọrùn. Ẹ wo ohun tí ìyá yẹn ń ṣe dáadáa. Bí ẹ bá ra ẹ̀pà ìgò kan, á da ẹ̀pà sínú ọ̀rá fún yín, á sì gbé ìgò rẹ̀ padà sórí àtẹ. Ìgò rẹ̀ kì í kúrò lójú rẹ̀ rárá.

Lóṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde nílé ìpọntí Ìgànmú. Lọ́dún 1953, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èbúté Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Lọ́jọ́ òmìnira gan-an, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ni ìgò 7Up bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní Ìjọrà. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ ń bá ìgò ṣe: ọkọ̀ á kó kréètì tó kún lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò, á sì kó kréètì òfìfo bọ̀. Ọkọ̀ yẹn kì í rin ìrìn òfìfo, ìyẹn náà ni ètò náà sì fi lè san owó epo dísẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ìgò oníke dé, ohun tó kọ́kọ́ yí padà ni ìrìn ọkọ̀ náà: ó kún lọ, ó ṣófo bọ̀, ìgò tó kó lọ sì di ti gọ́tà.

Ṣé gíláàsì wá sàn ju ike lọ ni? Ìbéèrè yìí kò ṣe é dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Iyanrìn ni gíláàsì, irú iyanrìn funfun tí ìlú Ìgbókòdá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní lọ́pọ̀ yanturu, tí wọ́n pò mọ́ sódà, òkúta ẹfun àti àkúfọ́ ìgò, tí wọ́n sì yọ́ nínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná yẹn kì í kú. Bí wọ́n bá ti dá a, ó lè jó fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ láìsinmi lọ́sàn-án lóru, nítorí pé bí gíláàsì bá dì sínú ààrò, ààrò ti bàjẹ́ nìyẹn. Gáàsì tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò ń jẹ, bíi ti Beta Glass ní Agbára àti ní Ughelli, kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá fi àkúfọ́ rọ́pò ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ohun èlò tuntun, kìkì nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára iná ni wọ́n ń rí fi pamọ́. Ìyẹn ló fà á tí n kò fi tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ń sọ pé kò séwu bí ìgò bá ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ra àkúfọ́. Ó dára ju gọ́tà lọ, ṣùgbọ́n gbogbo iná náà la tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tán.

Ẹ wá fi ìwúwo kún un. Ìgò mínírà onígíláàsì 35cl tí a ń gbà padà fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ohun mímu inú rẹ̀, nígbà tí ìgò oníke tó tóbi jù ú lọ kò ju ìwọ̀nba gíráàmù lọ. Ẹni tó bá sá kúrò nínú ike wọ inú gíláàsì tí oníbàárà yóò jù nù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, iná àti dísẹ̀ tó pọ̀ sí i ló jó. Ìgò gbọ́dọ̀ padà léraléra kó tó lè san gbèsè iná tí wọ́n fi bí i.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é, nítorí pé owó ni gbogbo wa gbọ́. Iye tí mo fẹ́ dá yìí, àfiṣàpẹẹrẹ ni; kí oníkálukú fi iye ọjà tirẹ̀ sí i. Ká ní ìgò kan jẹ́ 300 náírà, ká ní owó ìfọ̀ àti ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 náírà nígbàkigbà tí a bá tún un rọ, ká sì ní ike tí a fẹ́ fi sílẹ̀ jẹ́ 90 náírà. Bí ìgò 100 bá jáde tí 80 padà, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ìgò kọ̀ọ̀kan yóò ṣiṣẹ́ ìgbà 5, bí a bá pín in dọ́gba, kó tó sọnù: 300 pín sí ọ̀nà 5 jẹ́ 60, a fi 60 ìfọ̀ kún un, ó di 120. Ike ṣì borí. Bí ó bá jẹ́ 90 ló ń padà, ìgò á ṣiṣẹ́ ìgbà 10, owó rẹ̀ á di 90, òun àti ike di ọgbọọgba. Bí ó bá jẹ́ 95 ló ń padà, ìgbà 20 ni, owó rẹ̀ á sì já sí 75. Ẹ wò ó dáadáa o: láti 90 dé 95, ìgò márùn-ún péré ló fi pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìgò kọ̀ọ̀kan ń ṣe di ìlọ́po méjì. Ibẹ̀ yẹn ni èrè wà. Kò sí lára ẹ̀dínwó tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ìgò.

Báwo ni a ṣe lè dé 95? Ìtàn kan láti Jámánì wúlò níbí. Lọ́dún 1969, àwọn tí ń ta omi ìsun níbẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ìgò kan, ìgò 0.7 lítà tó ní ṣóńṣóńṣó kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ìgò náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn lè gbà á padà, kó fọ̀ ọ́, kó sì lẹ ìwé tirẹ̀ mọ́ ọn. Kò pọn dandan kí ìgò rin ìrìn ọ̀nà jíjìn padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rọ ọ́. Ìgò onígíláàsì kan lè ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà 50. Ẹni tó bá ra omi á san sẹ́ńtì 15 lórí ìgò, á sì gbà á padà ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tí ń ta irú rẹ̀. Lónìí, yúgọ̀ọ̀tì náà wà nínú irú ètò yìí lọ́dọ̀ wọn, nínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò. Ìgò kan fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni ọgbọ́n ibẹ̀.

Èmi fúnra mi ti rí òdì-kejì rẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ níbi kan ní Mainland níbí, tí wọ́n ń rọ ohun mímu sínú ìgò. Láràárọ̀ la máa ń ṣa ìgò àjèjì kúrò nínú kréètì: èyí ga ju tiwa lọ, èyí sanra, orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn wà lára èyí gẹ́gẹ́ bí ilà ojú. Gíláàsì tó dára ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kò wúlò fún wa, wọ́n á sì máa gòkè nínú ọgbà títí ẹnì kan yóò fi fọ́ wọn. Bí ẹ ó bá gba ìmọ̀ràn mi, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe san owó kó orúkọ rẹ̀ sára gíláàsì. Ẹ kọ ọ́ sára ìwé àlẹ̀mọ́, ìyẹn tó.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibi tí mo jókòó sí lọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́. Pátákó funfun kan ló wà, tí iná ń tàn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgò tó ti inú omi gbígbóná jáde á máa kọjá níwájú rẹ̀ lórí bẹ́líìtì, lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí ọrùn wọn ń ta gbọ̀ngbọ̀n síra wọn. Ogún ìṣẹ́jú ni ẹnì kan ń jókòó níbẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbà á, nítorí pé lẹ́yìn ìyẹn, ojú á máa wò ṣùgbọ́n kò ní rí. Ohun tí a ń wá ni ìdí sìgá, aáyán tó ti gbẹ, ìdérí tí ọmọ kan tẹ̀ pọ̀, tó tì í wọnú, àti ẹnu ìgò tó ṣán. Gbogbo ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni èyí tí ojú kò lè rí. Ìgò tó ti gba kẹrosíìnì rí lè mọ́ gaara lójú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé imú ló fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń já kréètì sílẹ̀, bó bá ti gbé ẹnu ìgò sún mọ́ imú, á fà á sẹ́yìn, á ní, “Èyí ti gbé ilé aláàtùpà.” N kò rántí ọjọ́ kan tó ṣì í.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kọ́sítíìkì, sódà líle tí wọ́n fi ń fọ ìgò, kò lè bọ́ kẹrosíìnì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láìmọ̀. Omi eérú bá epo pàdé, epo di ọṣẹ; bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́sítíìkì ṣe ń sọ epo ata, bọ́tà àti ọ̀rá wàrà tó lẹ̀ mọ́ ìgò di ọṣẹ, tí omi á sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì kì í ṣe irú epo bẹ́ẹ̀. Ẹ sè é títí, kò ní di ọṣẹ. Nítorí náà, ìgò tí kẹrosíìnì, pẹtiróòlù tàbí oògùn ẹ̀fọn bá ti wọ̀, kí ẹ fọ́ ọ, kí ẹ sì tà á fún àtúnyọ́. Ẹ má ṣe tìtorí bùkátà ṣàánú fún un.

Nípa ìfọ̀ fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá máa ń lo kọ́sítíìkì bí ìdá kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún omi, ní ìgbóná láàárín 60 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sí ìdí tí ilé ìfọ̀ kékeré kò fi lè ṣe é nínú àgbá onírin mẹ́ta àti búrọ́ọ̀ṣì, bí ẹni tí ń ṣe é bá ní ìbọ̀wọ́ gígùn àti ohun ìbojú, nítorí kọ́sítíìkì gbígbóná kì í bẹ ẹnikẹ́ni wò. Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń kánjú ni omi ìṣàn. Ìgbà mẹ́ta ni kí omi mímọ́ gba inú ìgò kọjá, lẹ́yìn náà kí ẹ mú ìṣẹ́kù omi tó kẹ́yìn, kí ẹ kán phenolphthalein sí i, oògùn ìdánwò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí omi náà bá pọ́n bí òdòdó, kọ́sítíìkì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà sídìí omi. Ẹ tún ṣọ́ bòhólù yín. Irin pọ̀ nínú omi bòhólù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, ìgò tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣàn yóò gbẹ tán kó tó fi àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú hàn, oníbàárà yóò sì rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ sẹ́ omi náà kí ó tó wọ ibi ìṣàn.

Ìdérí kì í padà. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ènìyàn láti ju ìdérí onírin tó ṣì ń dán nù, ṣùgbọ́n rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ti gba àpá ẹnu ìgò àkọ́kọ́, kò ní dé ìgò mìíràn pa dáadáa mọ́. Ìdérí tuntun ni gbogbo ìgbà.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún 2016, nígbà tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí èmi àti ìyàwó mi ń ṣe ata díndín tà. Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti fọ ìgò 60 sílẹ̀ lálẹ́, mo sì tò wọ́n sórí táìsì kí wọ́n gbẹ. Ìyàwó mi sọ ata kalẹ̀ lórí iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí bù ú sínú ìgò bó ṣe ń hó. Mo gbé ìkejì sókè láti dé e, ìdí rẹ̀ sì dúró sílẹ̀. Ara ìgò wà lọ́wọ́ mi, ìdí rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó yípo bí owó ẹyọ, ata wà láàárín wọn. Kí n tó gbọ́n, ìgò 17 ti lọ, a sì da gbogbo ata tó kù nínú ìkòkò nù, nítorí ẹni tó bá ń rọ oúnjẹ tí gíláàsì fọ́ nítòsí rẹ̀ kò lè búra pé ẹyọ kan kò ta sínú rẹ̀. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́sàn-án wà nídìí ìgò! Irú gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìgò oúnjẹ kì í fara da ìyàtọ̀ ìgbóná òjijì tó bá ju nǹkan bí 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ata mi wà ní nǹkan bí 90, ìgò mi kò ju 24 lọ. Ká ní mo ti fi omi gbígbóná yá ìgò náà lára ni, tí mo sì gbé wọn sórí pákó dípò táìsì, n kì bá tí sunkún ata.

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ni ìgò wà fún, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń tajà ni. Omi àti gàlà tí wọ́n ń tà nínú gosíló ní Ọjọ́ta, ìgò kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Ẹni tó rà á ti wà lórí afárá kẹta kó tó mu ún tán, ìgò náà kò sì mọ ọ̀nà ilé. Ibi tí ìgò yẹ sí ni ibi tí ojú kan náà ti ń padà rí ara wọn: ilé ẹ̀kọ́ tí ń ra yúgọ̀ọ̀tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ́fíìsì tí ń gba sóbò lọ́jọ́ Ẹtì, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù àdúgbò tó mọ orúkọ oníbàárà rẹ̀, àti òde àríyá. Ẹ rántí onímínírà tó wá síbi ìnáwó: bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á fi ijó sílẹ̀ fún ẹlẹ́bí, á máa tẹ̀ kiri abẹ́ tábìlì, á máa ka ìgò. Èyí tó bá dín, ẹni tó ṣe ìnáwó ló máa san án. Ẹ̀pà lílọ̀, ata díndín, oyin, sóbò àti yúgọ̀ọ̀tì lè wọ inú irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́la òde yìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó ìgò, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i tí ọ̀pọ̀ ètò tó dára ti ń kú. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ìgò àwọn ń sọnù. Ìgò kì í sọnù ní Èkó. Ibi tí owó rẹ̀ ti pọ̀ ló ń lọ. Bí ẹ bá gba 50 náírà owó ìgò lọ́wọ́ oníbàárà, tí ìyá elépo ní ìkángun ọ̀nà sì ń ra ìgò òfìfo ní 100, ọ̀dọ̀ ìyá elépo ni ìgò yín ń lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ oníbàárà. Kí ẹ tó dá iye owó ìgò, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ra ìgò kiri àdúgbò, kí ẹ sì fi tiyín lé e díẹ̀. Kó má pọ̀ jù náà o, nítorí pé bí owó ìgò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀pà inú rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀pà yóò kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ike. Ẹ sì dá owó náà padà lójú ẹsẹ̀. Oníṣòwò tó bá ní “ẹ padà wá lọ́la fún owó ìgò” ti kọ́ oníbàárà láti máa ju ìgò nù.

Àwọn kan nínú yín ń dúró de ìjọba. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn fòfin de abọ́ fóòmù funfun, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2025 sì ni wọ́n ti ní kí ìfòfindè náà mú ife ike, síbí ike, sítíróò àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ìgò oníke tí ẹ ń rọ sóbò sí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró kí òfin tì í kó tó mú ìgò, á dúró pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó pààrọ̀ ohun tí ẹ ń di ọjà yín sí, kí ẹ sì lo gọ́ọ̀mù tí omi gbígbóná lè tú, kí ọjọ́ ìlò àná má baà wà lára ìgò tí ẹ rọ lónìí.

Nígbà tí mo parí, ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe yúgọ̀ọ̀tì béèrè ta ni yóò ra ìgò àkọ́kọ́. Mo dá a lóhùn pé kí ẹnì kan ṣoṣo má ṣe rà á. Kí ènìyàn márùn-ún tí ọjà wọn yàtọ̀ síra pawó pọ̀ ra 2,000 ìgò tó rí bákan náà, tí kò ní orúkọ lára, ẹnu rẹ̀ kí ó jẹ́ 82 mìlímítà kí ọwọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì lè wọlé, èjìká rẹ̀ kí ó má yọ jù kí ìdọ̀tí má ríbi sá sí. Nínú ìṣirò àfiṣàpẹẹrẹ mi, ìyẹn jẹ́ 120,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì kọjá ilé ẹ̀kọ́ méjì àti ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Kí wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ iye tó jáde àti iye tó padà sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí iye tó padà kò bá tí ì tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n má ṣe ra ìgò kún un. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí èyí tó kù ń lọ.

Bàbá kan ní ẹ̀yìn wá béèrè ibi tí ó yẹ kí ilé ìfọ̀ wà, ó ní ṣé kò ní sàn kí a gbé e lọ sí Agbára níbi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n. Mo ní rárá. Ilẹ̀ á pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ó máa fi dísẹ̀ ra á padà lójoojúmọ́. Ìtòsí Òyìngbò ni tèmi, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó gbé iṣu àti ata wá lówùúrọ̀ ti ń padà lófìfo kó tó di ọ̀sán.